Orí Keje: Òpin Ọ̀sẹ̀ Àgbà ní Fájuyì

Orí yìí wà fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó fẹ́ fi ilé sílẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó sì tún wà fún ọmọ tó fẹ́ gbé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jáde. Àdúgbò Fájuyì ní Adó-Èkìtì ni a ó fi ṣe ibùdó, nítorí pé ẹni tó bá sùn síbẹ̀ kò jìnnà sí ìgboro, kò sì jìnnà sí ọ̀nà Ìyìn tí a ó gbà lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó di báàgì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń gbé òbí wọn jáde bí ẹni gbé ẹrù. Wọ́n á gbé e sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á gbé e padà sílé. Bàbá sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìrìn àjò tí mo fẹ́ júwe níbí, àgbà ni yóò máa darí rẹ̀. Òun ni yóò ná ọjà, òun ni yóò pa àlọ́, òun ni yóò sọ ohun tójú rẹ̀ rí láyé àtijọ́, òun náà la ó sì kọ́ ní ohun tí kò mọ̀ rí.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí tó tọpa ìgbàgbé

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìmọ̀ràn òyìnbó ni mo fẹ́ tà fún yín. Ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tí àwọn oníṣègùn àgbáyé máa ń tọ́ka sí lórí iyè rírà, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣe é, ọmọ Èkìtì sì wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ni mò ń wí. Òkèmẹ̀sí ni wọ́n bí i sí ní 1935. Christ's School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Adó níbí ní 1933, wà lára ibi tó ti kàwé kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníṣègùn ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn. Òun kan náà ló tọpa àìsàn kan tó máa ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára tó sì ń ba ojú jẹ́, títí ó fi dé ìdí ẹ̀gẹ́ tí májèlé inú rẹ̀ kò jáde tán.

Ní 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Ní Amẹ́ríkà, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Hugh Hendrie àti àwọn tirẹ̀ náà ń tẹ̀lé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis. Àwọn tí wọ́n wò lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ìdíkàn kò wọ ilé ìwé rí, ìdánwò tó ní kí ènìyàn kàwé kó tó dáhùn kò sì lè bá wọn mu. Ìbéèrè ẹnu ni wọ́n lò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó ti ọmọ tàbí ará ilé, wọ́n á béèrè bóyá àgbà náà ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n àwọn bíi Adésọlá Ògúnníyì àti Oyè Gúrèjé bá iṣẹ́ náà lọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, iye àwọn tí iyè wọn ń rà lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 3.24.

Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn yangàn jù. Àwọn olùwádìí fúnra wọn kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló ń lé àrùn náà sá. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn ti Amẹ́ríkà. Ìbàdàn ọdún 1992 sì nìyẹn. Lójú tèmi, àgbà Adó òde òní tó ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti Houston, tí kò sì sẹ́ni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ àfi ọmọ ọ̀dọ̀, ti ń sún mọ́ Indianapolis ju Ìdíkàn lọ.

Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn oníṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan mẹ́rìnlá tó ń ti ènìyàn sínú iyè rírà tí a sì lè ṣe nǹkan sí. Wọ́n ní bí a bá rí gbogbo rẹ̀ bójú tó, nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ̀lẹ̀ àrùn náà ni a lè dènà tàbí kí a dá dúró di ìgbà tó pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù, àìrìn, etí tó ń di, ojú tí a kò tọ́jú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àti kí ènìyàn máa dá gbé láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Èkìtì kò lè wo ọ̀kankan sàn nínú wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé omi gbígbóná Ìkógòsì, tí a ó lọ wò lọ́jọ́ Sátidé, ń la ọpọlọ, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ sì kọjá lọ. Ohun tí ìrìn àjò lè ṣe ni kó dá àṣà sílẹ̀: ìrìn, ọ̀rọ̀, ojú tuntun, ohun tuntun. Bí a bá wá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì méjì, tí a sì ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ nílé láàárín ọ̀sẹ̀, ìyẹn ti di nǹkan.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Bí ó bá ga ju bó ṣe máa ń wà lọ, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí. Ìkógòsì kò lọ síbì kankan. Ẹ ka oògùn sínú àpò kékeré tí àgbà fúnra rẹ̀ yóò gbé, kì í ṣe inú báàgì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí òun náà kà á: mélòó ni tàárọ̀, mélòó ni talẹ́, ìgbà mélòó ni a ó lò ó kí a tó padà. Ẹ má gbàgbé ìgò ojú àti ẹ̀rọ etí. Mo ti rí àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ pé iyè rẹ̀ ti ń lọ, tó sì jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni kò gbọ́ dáadáa.

Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, èyí tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ mú àtùpà kékeré tó ń lo bátìrì dání kí ẹ sì jẹ́ kó máa tàn lóru, nítorí iná lè lọ nígbàkúgbà. Ẹni tó ti ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀ tó bá jí lóru nínú yàrá tí kò mọ̀, tí òkùnkùn sì ṣú, lè dààmú débi pé yóò ṣubú. Aṣọ ìbora tirẹ̀ láti ilé máa ń ràn án lọ́wọ́. Ní ti ẹni tí ìgbàgbé ti mú gan-an, tí kì í mọ ilé ara rẹ̀ mọ́, mi ò ní kí ẹ gbé e sùn síta rárá. Ẹ gbé e jáde láàárọ̀, kí ẹ dá a padà lọ́sàn-án.

Ní ti ọ̀nà: ẹ má rìn lóru. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ yìí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, kò sí ará Èkìtì tí kò mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú ni ènìyàn ń délé. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn á gba Ifẹ̀ àti Iléṣà. Àwọn tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ á gba Ìkẹ́rẹ́. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń bọ̀, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá yín ní Adó.

Ọjọ́ Ẹtì: ọgbà Fájuyì

Ẹ wẹ̀, ẹ sinmi fún wákàtí kan, kí ẹ wá rìn lọ sí ọgbà náà. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbé e, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ẹ má gun ọ̀kadà.

Ọmọ bíbí Adó ni Ọ̀gágun Francis Adékúnlé Fájuyì tí wọ́n fi ọgbà náà sọrí. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ó di ológun àkọ́kọ́ tó ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún náà, àwọn sójà wá sí ilé ìjọba n'Ìbàdàn, níbi tí olórí orílẹ̀-èdè, Aguiyi-Ironsi, ti jẹ́ àlejò rẹ̀. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá ó fi ara rẹ̀ rúbọ ni tàbí wọ́n ti ń wá òun náà tẹ́lẹ̀. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ Yorùbá, olóòótọ́ onílé tí kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ni, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa á mọ́ra. Ẹ má kà á fún bàbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: "Bàbá, níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ní wọ́n ti pa Fájuyì?" Ẹni tó ti pé 75 ti tó ọmọ ilé ìwé lọ́dún náà. Yóò rántí rédíò ilé ẹni tí wọ́n ti gbọ́ ọ, yóò rántí ojú tí ìyá rẹ̀ gbé wọlé, yóò rántí olùkọ́ tó dá kíláàsì dúró. Bó bá ṣi ọjọ́ tàbí oṣù sọ, ẹ fi sílẹ̀. Kì í ṣe ìdánwò. Ọmọ tó bá ń já òbí rẹ̀ ní koro lórí déètì yóò pa á lẹ́nu mọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìtàn, ẹ fún un ní fóònù kó ya ère Fájuyì tó wà nínú ọgbà náà ní fọ́tò fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ yóò gbọ̀n, yóò ya ìka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Ní Texas, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Denise Park àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn àgbà kan bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò tí wọ́n sì ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn ní iṣẹ́ aṣọ rírán, fún oṣù mẹ́ta. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé eré àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni wọ́n ń pàdé ṣe. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2014, àwọn tó kọ́ ohun tó le ni ìrántí wọn gbé pẹ́ẹ́lí jù. Ohun tó rọrùn fún àgbà láti ṣe kò burú, ṣùgbọ́n kò tó.

Oúnjẹ alẹ́ kò gbọdọ̀ wúwo. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó. Ẹ fi iyán dúró di ọ̀la.

Ọjọ́ Sátidé: ọjà, ọ̀nà àti omi

Kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ yà sí Ọjà Ọba, kí èrò tó pọ̀. Ẹ fún màmá lówó, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn. Òun ni yóò ra ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà tí ẹ ó jẹ lọ́nà. Òun ni yóò ná an, òun ni yóò gba ṣéńjì, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ yọ fóònù láti bá a ṣírò. Inú ọjà ni mo ti gbà pé ọpọlọ àgbà obìnrin Yorùbá ń ṣiṣẹ́ jù: iye tí wọ́n pè, iye tó fẹ́ san, ojú ẹni tó ń tajà, iye tó kù lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ tó ń ra gbogbo nǹkan wálé fún ìyá wọn rò pé àánú ni àwọn ń ṣe.

Láti Adó, ẹ ó gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, kí ẹ tó yà sí Èrìjìyàn dé Ìkógòsì. Nínú ọkọ̀, ẹ pa rédíò. Àlọ́ àpamọ̀ ni eré ọ̀nà yìí, ẹ sì lè fi ọ̀kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀: odò wo ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, àmọ́ tó jẹ́ pé ìlú kan lójú ọ̀nà wa yìí ni wọ́n ní ó ti ṣẹ̀? Ọ̀ṣun ni, Ìgèdè sì ni ìlú náà. Lẹ́yìn àlọ́, ẹ kó sí owó kíkà. Kí ọmọ ọmọ dá nọ́ńbà kan, kí àgbà pè é ní Yorùbá, kó sì ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀. Bí wọ́n bá ní 85, márùndínláàádọ́rùn-ún: ogún márùn-ún, ẹ yọ mẹ́wàá, ẹ tún yọ márùn-ún. Kí ẹ tó dé Àrámọkọ, ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni orí ń fọ́, kì í ṣe àgbà.

Ní Ìkógòsì, ìsun omi gbígbóná àti ti tútù ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lábẹ́ àwọn igi ńláńlá títí wọ́n fi pàdé, ẹ ó sì lè ti ẹsẹ̀ kan bọ ìhín, kí ẹ ti èkejì bọ ọ̀hún. Àwọn atọ́nà ibẹ̀ á sọ ìtàn ọkùnrin kan àti àwọn ìyàwó rẹ̀ méjì, ọ̀kan onínúfùfù, èkejì oníwàtútù, tí wọ́n di omi méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí àgbà gbọ́ ọ dáadáa, kó bi atọ́nà ní ìbéèrè. Tó bá di alẹ́, kó fi fóònù pe ọmọ ọmọ tí kò bá yín wá, kó sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a gbọ́ lọ́sàn-án tí a sì tún sọ lálẹ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni fún ìrántí.

Àjíyìnrere Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibi ìsinmi ní àwọn ọdún 1950. Ẹ pe ibẹ̀ lórí fóònù ṣáájú kí ẹ mọ iye owó ìwọlé àti bóyá odò ìwẹ̀ wà ní ṣíṣí, torí ìwọ̀nyí máa ń yí padà. Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀ dání. Ilẹ̀ etí omi náà tutù ó sì ń yọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú omi gbígbóná. Oògùn ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, omi gbígbóná náà ń mú un wálẹ̀, bó bá sì dìde lójijì, òòyì lè kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó jókòó sí etí omi díẹ̀ kó tó nàró, kó sì mu omi tútù.

Ìtàkìtì omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà síbẹ̀, ó sì lẹ́wà bó ṣe ń já láti orí àpáta sí àpáta. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn kó wò ó láti ìsàlẹ̀. Bí ọmọ ogún ọdún bá fẹ́ gun òkè, kó gùn ún, kó wá ròyìn.

Ẹni tó ti rí Ìkógòsì rí, mi ò ní kó tún lọ. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí kò dé rí. Ẹ lè gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá sí Òkèmẹ̀sí, ìlú Ọ̀ṣuntókun fúnra rẹ̀, ìlú Fábùnmi tó gbé idà sókè sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, tí ogun Kírìjì sì ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àgbà tó bá ti kọ́ ìtàn yẹn nínú ìwé nígbà èwe rẹ̀, tó sì dúró lábẹ́ àwọn òkè wọ̀nyẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò rí ohun tí ìwé kò sọ: ìdí tí àwọn èèyàn orí òkè kò fi tètè gbọ̀jẹ̀gẹ́.

Iyán ọ̀sán wá kù. Uyán, gẹ́gẹ́ bí àwọn onílé ṣe ń pè é. Mi ò ní wá sí Èkìtì kí n máa kọ̀wé pé kí ènìyàn má jẹ iyán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kí ẹ ní kí wọ́n bu ẹ̀fọ́ tó pọ̀ ju iyán lọ, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ dín òkèlè rẹ̀ sí ìdajì, kí gbogbo yín sì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Oorun tó ń tẹ̀lé e kò ṣeé jà, ẹ sùn.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé: ọpọ́n ayò

Ẹ wá ọpọ́n ayò kan. Bí ẹ kò bá mú un wá láti ilé, ẹ ra tuntun lọ́jà, tàbí kí ẹ wa ihò méjìlá sínú iyẹ̀pẹ̀ bí àwọn ọmọdé ayé àtijọ́. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ ju 24 lọ ti borí. Ẹni tó mọ ayò ta dáadáa kì í wo ihò tó wà níwájú rẹ̀ nìkan. Ó ti ń rí ibi tí ọmọ ayò ìkẹyìn yóò bọ́ sí, ó sì ti ń ro ohun tí ọ̀tá yóò fi dá a lóhùn.

Ní Bronx, ní New York, àwọn oníṣègùn tẹ̀lé àgbà 469 tó ti lé ní ọdún 75. Èsì rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé iyè àwọn tó ń kàwé, tó ń ta ayò olóríṣiríṣi, tó ń lo ohun èlò orin tàbí tó ń jó kò tètè rà bíi ti àwọn tí kì í ṣe é. Nínú àwọn eré ìdárayá tí wọ́n wò, ijó nìkan ni wọ́n rí irú èsì yìí fún. Ẹ ṣọ́ra o: ó lè jẹ́ pé ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rà ló kọ́kọ́ ń fi ayò àti ijó sílẹ̀, kó tó hàn sí ará ilé. Àwọn olùwádìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú ohun tí ènìyàn lè fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣe láìnáwó, mi ò rí èyí tó dára ju ayò lọ, pàápàá bí ẹni tí ẹ jọ ń ta á bá jẹ́ àjèjì tí ẹ kò mọ ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń jókòó sábẹ́ igi ní àdúgbò kì í lé àlejò tó bá mọ̀ ọ́n kí. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ jókòó wòran fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á pè yín.

Bó bá sì jẹ́ pé òde ìnáwó wà lọ́jọ́ náà, tí ẹbí ní Adó pè yín sí i, ẹ má tìtorí ìwé yìí kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí màmá jó. Kí ẹni tó ń ná an lówó má tì í mọ́ra jù.

Bí nǹkan bá yí padà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń rọra wọlé ni. Oṣù àti ọdún ló ń gbà. Bí àgbà tó sọ̀rọ̀ gaara lánàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ láàárọ̀ yìí, tí kò mọ̀ yín, tàbí tó kàn ń sùn láìṣeé jí, àìsàn ló dé yẹn: ibà, kòkòrò inú ìtọ̀, ìrẹ̀sílẹ̀ ṣúgà, àìmu omi tó. Bí ẹnu bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí ọwọ́ kan kò ṣeé gbé, rọpárọsẹ̀ ni, wákàtí kọ̀ọ̀kan sì ṣe pàtàkì. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó níbí. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ lódì kì í ṣe àjẹ́, ó sì yẹ kí ojú ti ẹni tó bá ṣì ń fi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan arúgbó.

Ọjọ́ Àìkú: ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìdájí bó bá jẹ́ àṣà yín, kí ẹ wá gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ẹ ó máa rí Olósùnta láti òkèèrè, òkúta ńlá tí àwọn ará ìlú ń bọ tí wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún tí kò gùn ún rí. Ẹ jókòó sí ìsàlẹ̀ kí ẹ wò ó.

Ààfin Ọgọ̀gà ni ohun tí mo fẹ́ fi gba àkókò yín. Ààfin yìí ni Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n tó sì kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ilẹ̀kùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924. Nígbà tí àwọn ará British Museum fẹ́ ra á, ọba kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ló gbà fi ṣe pàṣípààrọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní, òpó kan nínú àwọn òpó ààfin yẹn sì wà ní Chicago. Ó dùn mí, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí.

Àwòrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá a sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lábẹ́ igi kan nítòsí ààfin, ẹ gbé e fún àgbà, kó wò ó pẹ̀lú sùúrù: ọba lórí ìtẹ́, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Ambrose, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé sórí àkéte bọ̀, àwọn aláàárù, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n so mọ́ ara wọn. Kó pa fóònù dé. Kó wá máa sọ ohun tó rí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, apá ọba lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà apá òyìnbó. Kí ẹ̀yin náà ṣe é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi owó lé e pé àgbà tó ń wo ènìyàn tẹ́lẹ̀, bíi télọ̀, oníṣòwò tàbí olùkọ́, yóò borí ọmọ tó ń fi fóònù rántí gbogbo nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ń ta oúnjẹ, kí ẹ jẹun, kí àgbà lo oògùn ọ̀sán rẹ̀, kí ẹ sì gbéra kí aago méjì tó lù. Ará Àkúrẹ́ ti súnmọ́lé. Ará Ìbàdàn tó bá ti Ìkẹ́rẹ́ gba Àkúrẹ́ lọ sí Iléṣà kò ní láti padà sí Adó mọ́. Nítorí náà, kí ẹ ti san owó hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ sì ti kó ẹrù jáde láàárọ̀, kí ẹ kí onílé, kí ẹ sì wo abẹ́ ìrọ̀rí lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ibẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń fi ìgò ojú sí.